Omi Àpọ̀jù Ló Ń Pa Ata Inú Garawa

Bí ewé ata rodo inú garawa bá dorí kodò lọ́sàn-án, ẹ má tíì sáré bu omi. Ẹ ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ ná. Bó bá ṣì tutù dé oríkèé kejì, kì í ṣe òùngbẹ ló ń gbẹ ata yẹn. Ó ṣeé ṣe kí omi ti kún gbogbo àlàfo inú iyẹ̀pẹ̀, kí gbòǹgbò má rí afẹ́fẹ́ mọ́. Gbòǹgbò tí kò bá sì rí afẹ́fẹ́ kò lè fa omi, bó tilẹ̀ jẹ́ inú omi ló wà. Ìdí nìyẹn tí ewé fi ń rọ bíi ti ọ̀gbìn tí ọ̀dá mú. Ẹni tí kò bá fura á tún bu omi sí i. Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí ti fi àánú pa ata garawa mẹ́rin báyìí rí.

Ẹ hú ọ̀kan wò. Gbòǹgbò tó dá ṣáṣá máa ń funfun, ó sì máa ń le. Èyí tó ti ń jẹrà á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, awọ rẹ̀ á bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, á sì máa rùn. Pythium àti Phytophthora, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀, ló sábà ń ṣe èyí, ilẹ̀ tí omi dúró sí ni wọ́n sì fẹ́ràn.

Garawa ọ̀dà onílítà 20 tó fún ata tàbí tòmátì kan. Ẹ fọ ọ̀dà rẹ̀ kúrò, kí ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò márùn-ún tàbí mẹ́fà sí ìdí rẹ̀, kí ihò náà fẹ̀ tó pẹ́ńsù, kí ẹ wá gbé e lé àfọ́kù búlọ́ọ̀kù. Ike tí wọ́n fi ta oògùn apakòkòrò rí kò dára fún ohun tí a ó jẹ. Àpò ìrẹsì máa ń jo omi fúnra rẹ̀. Ìkòkò amọ̀ ń làágùn, nítorí náà ó yára gbẹ ju ike lọ. Tẹ̀tẹ̀ kò nílò ju iyẹ̀pẹ̀ tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 20.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń da òkúta wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀ garawa kí omi lè jò. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà ló kọ́ wa, ṣùgbọ́n kò ràn wá lọ́wọ́. Omi kì í kúrò nínú iyẹ̀pẹ̀ kíkúnná bọ́ sínú òkúta àfi bí iyẹ̀pẹ̀ náà bá mu yó tán. Ohun tí òkúta ń ṣe ni pé ó ń gbé ibi tó tutù jù sún mọ́ gbòǹgbò. Àpáàdì kan lórí ihò kọ̀ọ̀kan, kí iyẹ̀pẹ̀ má baà dà, ti tó. Iyẹ̀pẹ̀ gan-an ni kí ẹ tún ṣe: ilẹ̀dú ọ̀nà méjì, yanrìn odò ọ̀nà kan, ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa ọ̀nà kan.

Àárọ̀ ló dára láti bomi rin ín. Ẹ rọra bu ú títí yóò fi máa jò nísàlẹ̀, kí ẹ dúró. Bí àwo bá wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ da omi inú àwo nù. Ẹ má ka ọjọ́. Ìka ni kí ẹ máa fi wò ó. Nígbà ọyẹ́, tòmátì tó ń so lè mu omi lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà, òjò lè bá yín bomi rin ín fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Bí òjò bá pọ̀ jù, ẹ gbé e sábẹ́ ìgbátí.

Èyí tó ti ń rọ, ẹ gbé e síbi òjìji, ẹ lu ihò kún ihò rẹ̀, ẹ má fún un ní ajílẹ̀. Bí kò bá yọ ewé tuntun láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ hú u dànù, kí ẹ má sì gbin ata tàbí tòmátì sínú iyẹ̀pẹ̀ náà mọ́.