Èènì Orí Ìnṣọ́ránsì: Ṣé Èrè Ni Lóòótọ́?

Ẹ̀kọ́ oṣù yìí jáde láti inú ìbéèrè tí ó wáyé nígbà tí ìgbìmọ̀ ń yẹ ìwé àwọn tí ó fẹ́ yá owó ra mọ́tò àti ọ̀kadà wò. Àwọn kan ní àwọn ọmọ wa tí ó wà ní London ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì ra ìnṣọ́ránsì mọ́tò, wọ́n sì ń rí díẹ̀ gbà padà nínú owó tí wọ́n san. Wọ́n ní irú ìlérí bẹ́ẹ̀ ti ń dé etí àwọn náà níhìn-ín. Ìbéèrè wọn ni pé, ṣé owó tí ó ń padà wá yìí dín ìnáwó kù lóòótọ́?

Gbogbo wa la mọ èènì. Oníbàárà ra edé tán, ó sanwó, ó ní kí ìyá fi díẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ta edé mọ ohun tí àwa ọkùnrin kì í tètè mọ̀. Agolo tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú lè fún ni ní èènì ẹ̀kúnwọ́ méjì, kí edé náà má sì tó ti ẹni tí kò fi ẹyọ kan lé e. Ẹni tí ó gbọ́n a wo iye edé tí ó kó délé àti iye owó tí ó jáde lápò rẹ̀. Bí a ṣe máa wo ti ìnṣọ́ránsì náà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ibi tí owó náà ti ń wá. Ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì a máa san kọmíṣọ̀n fún ẹni tí ó bá mú oníbàárà wá. Láyé àtijọ́, agẹ́ǹtì ni ó ń gbà á. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ilé iṣẹ́ bí Quidco àti TopCashback náà ti bọ́ sí ipò yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Oníbàárà gba ẹnu ọ̀nà wọn wọlé, ó ra ìnṣọ́ránsì, ilé iṣẹ́ san kọmíṣọ̀n fún wọn, wọ́n sì bu nínú rẹ̀ fún oníbàárà. Kò sí idán níbẹ̀. Owó oníbàárà fúnra rẹ̀ ni, ó kàn lọ yípo kí ó tó padà wá ni.

Ká ní ọmọ wa kan ní Peckham fẹ́ san ti ọdún kan. Ilé iṣẹ́ kan bèèrè 620 pọ́n-ùn, yóò sì rí 60 gbà padà. Òmíràn bèèrè 540, kò sí kọ́bọ̀ tí yóò padà. Ẹ yọ 60 kúrò nínú 620, ó ku 560. Ẹni tí kò gba nǹkankan padà fi 20 pọ́n-ùn sàn ju ẹni tí ń yọ̀ pé òun rí 60. Bí ó bá ṣe pé 540 ni àwọn méjèèjì, tí ààbò wọn kò sì yàtọ̀, 60 yẹn di èrè gidi, kò yẹ kí ènìyàn kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ààbò náà dáadáa. Iye kan wà tí oníbàárà máa ń fi sílẹ̀ lápò ara rẹ̀ kí ilé iṣẹ́ tó san ìyókù bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Bí ọ̀kan bá ní kí ó fi 250 sílẹ̀, tí èkejì ní 500, wọn kì í ṣe ọjà kan náà mọ́.

Owó náà kì í sì í dé lójú ẹsẹ̀. Ó lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù. Bí oníbàárà bá fagi lé ìnṣọ́ránsì náà, tàbí tí kò bá gba ẹnu ọ̀nà wọn wọlé bí ó ti yẹ, ó lè má rí i rárá. Àwọn ilé iṣẹ́ náà fúnra wọn ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn kò fọwọ́ sọ̀yà fún un. Nítorí náà, ẹ má fi owó tí kò tí ì dé jẹ gbèsè.

Ohun kan tún wà tí ó ti yí padà lọ́hùn-ún. Tẹ́lẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ a máa fi owó pọ́ọ́kú àti èènì fa oníbàárà tuntun, tí ó bá wá di ọdún kejì, ọdún kẹta, wọn a máa fi owó kún un díẹ̀díẹ̀. Láti 1 January 2022, àjọ FCA tí ń ṣọ́ wọn ti pàṣẹ pé, lórí ìnṣọ́ránsì mọ́tò àti ti ilé, wọn kò gbọdọ̀ gba owó lọ́wọ́ oníbàárà àtijọ́ ju iye tí wọn ì bá gbà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó bá jẹ́ tuntun. Èènì tí ilé iṣẹ́ fi ń fa ẹni tuntun wà nínú ìṣirò náà pẹ̀lú. Síbẹ̀, ilé iṣẹ́ kan kò ní kí òmíràn má ta ọjà rẹ̀ ní pọ́ọ́kú, nítorí náà ó ṣì yẹ kí ènìyàn bèèrè káàkiri lọ́dọọdún.

Nílé wa níbí, ọ̀rọ̀ náà le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àjọ NAICOM ni ó ń ṣọ́ ètò ìnṣọ́ránsì ní Nàìjíríà, ó sì ti fi iye lé ti mọ́tò. Èyí tí òfin sọ di dandan ni third party, tí ó wà fún ẹlòmíràn tí mọ́tò wa bá ṣe ní jàǹbá. 5,000 náírà ni ti mọ́tò àdáni tẹ́lẹ̀. Láti 1 January 2023, ó di 15,000, ilé iṣẹ́ sì lè san tó 3 mílíọ̀nù náírà lórí ohun ìní ẹlòmíràn tí mọ́tò náà bá bà jẹ́. Ọ̀kadà di 3,000, kẹ̀kẹ́ Márúwá di 5,000. Ti comprehensive, tí ó bo mọ́tò tiwa náà, kò gbọdọ̀ dín sí 5 nínú 100 iye mọ́tò, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ gbogbo ẹ̀dínwó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka gbólóhùn ìkẹyìn yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Mọ́tò 4 mílíọ̀nù, ìdá 5 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ 200,000. Bí ẹnìkan bá gba 200,000 tí ó ní òun yóò dá 80,000 padà, 120,000 ni ó kù, ìdá 3 péré. Yálà ó ń rú òfin, tàbí ìwé tí ó fẹ́ fún yín kì í ṣe ojúlówó. Bákan náà ni ẹni tí ó ń ta ti 15,000 ní 6,000. Kọmíṣọ̀n wo ni ó tó 9,000 níbẹ̀, tí ó fi lè yọ ọ́ fún yín?

Láti 1 February 2025 ni àwọn ọlọ́pàá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ third party wò ní títì, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá kọ́ ni ẹ̀rù wa. Ẹ̀rù wa ni ọjọ́ tí mọ́tò ọmọ ẹgbẹ́ bá kọlu ti ẹlòmíràn lọ́nà Òkìtìpupa, tí ilé iṣẹ́ sì ní àwọn kò mọ nọ́ńbà ìwé náà rí. Ẹni tí ó ni mọ́tò ni yóò san gbogbo rẹ̀. Kò ní lè san owó ẹgbẹ́ mọ́, a ó sì yíjú sí àwọn onígbọ̀wọ́ rẹ̀, ìyẹn apẹja tàbí ìyá ẹlẹ́ja tí kò gun mọ́tò náà rí. Èènì 9,000 wá di gbèsè fún ilé mẹ́ta.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ ojú omi ẹlẹ́ńjìnnì, iye tí a kọ sókè yìí kò kàn yín, ti mọ́tò orí ilẹ̀ ni. Bí òkun sì ṣe ń jẹ ilẹ̀ wa ní Molútẹ̀hìn yìí, ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì ilé náà yóò ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

Àwọn kan lè bèèrè pé, ṣebí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù náà ń dá owó padà fún ọmọ ẹgbẹ́? Bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Rochdale, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní December 1844, ni ó sọ ọ́ di àṣà tí ó tàn káyé: èrè tí ó bá kù, wọn a pín in gẹ́gẹ́ bí iye ọjà tí oníkálukú rà. Ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n ni ṣọ́ọ̀bù, ìwé ìṣirò sì wà níwájú gbogbo wọn kí wọ́n tó pín kọ́bọ̀. Ẹni tí ó ṣèlérí èènì ìnṣọ́ránsì fún yín, ta ni ó ń yẹ ìwé tirẹ̀ wò?

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń bọ̀ wá gba owó mọ́tò tàbí ọ̀kadà, kí ó san owó ìnṣọ́ránsì sí orúkọ ilé iṣẹ́ tí NAICOM fún ní ìwé àṣẹ, kí ó mú rìsíìtì wá pẹ̀lú nọ́ńbà mọ́tò. A ó yẹ nọ́ńbà náà wò lórí NIID, ìwé àkọsílẹ̀ tí ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì fi sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní ojú rẹ̀ àti ojú àwọn onígbọ̀wọ́ rẹ̀. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá sí lọ́jọ́ náà, a ó dúró di ìgbà tí ó bá dé.