Kí Ìjọ Tó Gbọ́wọ́ Lé Wọn Lórí

Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Òwe yìí kì í wọ́n lẹ́nu oníwàásù lọ́jọ́ tí ìjọ bá ń dágbére fún ìdílé tó ń lọ ṣiṣẹ́ ìhìnrere nílẹ̀ òkèèrè. Bàbá á wọ agbádá, ìyá á wé gèlè, wọ́n á rán aṣọ kan náà fún àwọn ọmọ. Àlùfáà á gbọ́wọ́ lé wọn lórí, gbogbo ìjọ á ké àmín. Olúwa ló kúkú rán wọn, ta ni wọ́n tún fẹ́ máa bẹ̀rù?

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ Olúwa nìkan kọ́ ló rán wọn o. Ìjọ náà wà lára ẹni tó ránṣẹ́. Ẹni tó bá sì ránṣẹ́ ló ń fún oníṣẹ́ lówó ọkọ̀, òun náà ló ń wojú ọ̀nà bóyá oníṣẹ́ ti dé àbí kò tíì dé. Ohun tó ń dá ìdílé míṣọ́nnárì lágara lókè òkun kì í sábà jẹ́ inúnibíni. Owó ilé ni, ilé-ìwé ọmọ ni, ìyàwó tí kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ ni, akápò tó gbàgbé sì ni. Ilé ló yẹ kí wọ́n ti yanjú àwọn nǹkan wọ̀nyí kí ọjọ́ ìdágbére tó pé.

Ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ìlú Ajálọ́run, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, agboolé tí kò ní ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Houston ti ń ṣọ̀wọ́n. Iṣẹ́ ajé ló gbé ọ̀pọ̀ wọn lọ, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó jẹ́ pé Bíbélì ló wà lókè àpótí wọn, gààrí Ìjẹ̀bú wà nísàlẹ̀. Ìtàn a máa dápàárá. Nígbà tí ìhìnrere ń wọ ilẹ̀ Yorùbá, Àgbádárìgì gbà á, Abẹ́òkúta gbà á, Ìbàdàn gbà á. Ìjẹ̀bú tilẹ̀kùn gbọn-in gbọn-in títí ogun Ìmàgbọn fi dé ní 1892, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn já a. Lónìí, ọmọ Ìjẹ̀bú ń wàásù fún Gẹ̀ẹ́sì nílẹ̀ baba rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ilẹ̀kùn títì yẹn fojú ìdílé míṣọ́nnárì rí, ìtàn David àti Anna Hinderer ni kó kà. Ọmọ Jámánì ni David, ọmọ Norfolk nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Anna, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì CMS ló sì rán wọn. Wọ́n ṣègbéyàwó ní 1852. Nígbà tó fi máa di 1853 wọ́n ti dé Ìbàdàn, wọ́n tẹ̀dó sí Kúdẹtì. Anna kò bímọ, síbẹ̀ ọmọ kún ilé rẹ̀. Olóyè Olúńlóyò fa méjì lára ọmọ tirẹ̀, Yéjídé àti Akínyẹlé, lé e lọ́wọ́ kó kọ́ wọn níwèé, àwọn ọmọ mìíràn sì ń dé tẹ̀lé wọn. “Ìyá” ni wọ́n ń pè é.

Ní 1860, ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀. Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, wọ́n sì dí ọ̀nà etíkun mọ́ Ìbàdàn. Owó ẹgbẹ́ kò rọ́nà gòkè, lẹ́tà kò wọlé bó ṣe yẹ, oògùn kò wọlé. Ìyá tó kó ọmọ jọ sílé bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹrù ilé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kó lè rí owó ẹyọ ra oúnjẹ. Ẹ̀wà tí wọ́n ta epo àti ata díẹ̀ sí ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń jẹ, àìsàn kò sì fi í lọ́rùn sílẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún. Ní 1865 ni Glover, tó ń ṣàkóso Èkó nígbà náà, rán Kápútẹ́nì Maxwell àti àwọn ọkùnrin díẹ̀ gba inú igbó lọ gbà wọ́n. Alẹ́ ni wọ́n wọ Ìbàdàn. Anna bá wọn lọ. David ní òun kò lè fi ìjọ sílẹ̀ láìsí ẹni tí yóò bójú tó o, ó sì dúró.

Àwọn oníwàásù fẹ́ràn láti fi ìtàn yìí kọ́ni ní sùúrù, sùúrù sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ebi náà ti wá. Owó kò tán lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀nà ni kò sí. Lóde òní, ọ̀nà ti là. Èèyàn lè jókòó sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ kó fi fóònù fowó ránṣẹ́ sí Cardiff kí ẹ̀bà iwájú rẹ̀ tó tutù. Bí ebi bá tún pa ìdílé míṣọ́nnárì nísinsìnyí, kò sí Ìjẹ̀bú tó dínà mọ́. Akápò ló dínà.

Ebi kì í sì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ Ọlọ́run pàápàá. Nígbà mìíràn, akápò kò tilẹ̀ jẹ̀bi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nǹkan bíi ₦460 ni dọ́là kan ní báńkì. Ìjọ tó ń fi ₦200,000 ránṣẹ́ lóṣù ń fi ohun tó lé ní 430 dọ́là ránṣẹ́ nìyẹn. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ìjọba tú okùn náírà. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì 2024, dọ́là kan ti kọjá ₦1,500. ₦200,000 kan náà kò tó 135 dọ́là mọ́. Nínú ìwé ìjọ, iye yẹn kò yí padà, ẹnikẹ́ni kò jalè, ìgbìmọ̀ kò sì yẹ àdéhùn. Ṣùgbọ́n ìyá tó dúró níwájú oníbúrẹ́dì nílẹ̀ àjèjì mọ̀ pé ìdá méjì nínú mẹ́ta owó òun ti fò lọ. Ojú sì ń tì í láti kọ̀wé sílé, kí wọ́n má baà ní ìgbàgbọ́ òun kéré.

Nítorí náà, owó ibi tí wọ́n ti máa ná an ni kí ìgbìmọ̀ fi kọ àdéhùn, ìbáà ṣe pọ́n-ùn, ìbáà ṣe sẹ́fà. Kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí wọ́n má dúró de lẹ́tà ẹ̀bẹ̀. Kí owó oúnjẹ oṣù mẹ́fà ti wà nílẹ̀ lọ́tọ̀ kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ìjọ tí agbára rẹ̀ kò gbé e, kó wá ìjọ kan sí i ní Ìjẹ̀bú-Òde, kó wá òmíràn ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹni tó ń lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tún ní ìṣirò mìíràn láti ṣe. Láti oṣù Kejì 2024, owó ìlera tí wọ́n ń gbà pọ̀ mọ́ ti físà jẹ́ £1,035 lórí àgbàlagbà kan fún ọdún kan, £776 lórí ọmọdé. Tọkọtaya tó ní ọmọ méjì, tó sì gba físà ọdún mẹ́ta, yóò san £10,866 lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n tó dárúkọ ọkọ̀ òfuurufú. Ó sàn kí ìjọ gbọ́ iye yìí nínú ìpàdé ju kí ó gbọ́ ọ lẹ́yìn tí wọ́n ti ta mọ́tò ìdílé náà.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó tún wà ńbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé ìránniníṣẹ́, orúkọ bàbá ló máa ń hàn gàgàrà, ti ìyá a di “àti ìdílé rẹ̀.” Bẹ́ẹ̀ ìyá ni iṣẹ́ ń bá nílé lójoojúmọ́. Susan, ìyàwó Samuel Àjàyí Crowther tó fẹ́ ní 1829, mọ ìyẹn dáadáa. Ọkọ rẹ̀ bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Odò Ọya ní 1841, ó tún lọ ní 1854, ó tún lọ ní 1857. Ti ìkẹta yìí, ọkọ̀ Dayspring fọ́ mọ́ àpáta nítòsí Jẹ́bà, ìrìn-àjò náà sì gùn ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Àwọn òpìtàn kọ púpọ̀ nípa odò náà. Ẹni tó wà nílé, tó ń bọ́ ọmọ, tó ń gba àlejò, tó ń fèsì fún àwọn tó ń béèrè bàbá, kò rí tó bẹ́ẹ̀ nínú ìwé wọn.

Kí àwọn àgbà ìjọ pe ìyàwó lọ́tọ̀ kí ọkọ má sí níbẹ̀. Ìyá Ìjọ ló yẹ kó ṣe é, kì í ṣe àlùfáà. Kí wọ́n bi í bóyá òun náà gbọ́ ìpè yìí, tàbí ó kàn ń tẹ̀lé olówó orí rẹ̀. Kí wọ́n bi í ohun tó fẹ́ ṣe lọ́hùn-ún, nítorí ẹni tó jẹ́ tíṣà tàbí nọ́ọ̀sì níhìn-ín kò ní fẹ́ jókòó máa ka ògiri. Bó bá ní òun kò tíì ṣe tán, kí wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú. Ìtìjú ọjọ́ kan nìyẹn.

Àwọn ọmọ ni wọ́n máa ń gbọ́ ọ gbẹ̀yìn. Ọmọ ọdún méjìlá á máa mọ̀ pé ilé ń kóra wọn jọ, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé òun kò ní bá àwọn ẹgbẹ́ òun wọ kíláàsì tó ń bọ̀. Àwọn míṣọ́nnárì tó wá sọ́dọ̀ wa kò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú èyí: ìjọ Brethren láti Amẹ́ríkà dá ilé-ìwé Hillcrest sílẹ̀ ní Jos ní 1942 kí ọmọ àwọn míṣọ́nnárì lè ríbi kàwé. Ìjọ tiwa tó ń rán ìdílé lọ sí abúlé kan ní Chad, ilé-ìwé wo ni ọmọ wọn ń lọ? Ìbéèrè yìí yẹ kó ní ìdáhùn nínú ìwé, pẹ̀lú orúkọ ilé-ìwé náà àti owó rẹ̀.

Títọ́ ọmọ fúnra rẹ̀ yàtọ̀ lọ́hùn-ún. Bàbá wa ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Ní Scotland láti oṣù Kọkànlá 2020, àti ní Wales láti oṣù Kẹta 2022, ọwọ́ òsì tó bá di ẹgba lè gbé òbí dé iwájú ọlọ́pàá. Kí bàbá àti ìyá ti fẹnu kò nílé lórí bí wọ́n ṣe máa bá ọmọ wí láìfọwọ́ kàn án, kí wọ́n má ṣe dúró dìgbà tí tíṣà bá bi ọmọ léèrè àpá. Kí wọ́n sì máa sọ Yorùbá nílé. Èdè ilé-ìwé yóò wá fúnra rẹ̀; ti ìyá àgbà ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni kò ní wá bí wọn kò bá pè é.

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Thomas Bowen, oníbatisí láti Amẹ́ríkà, dé ilẹ̀ wa ní 1850. Ní 1858, ìwé gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ṣe ti jáde. Ẹ̀wẹ̀, àwọn tiwa kan lè pẹ́ ní Niamey kí wọ́n má lè ná ọjà ní Zarma láìsí ògbifọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ bíi CAPRO, tí àwọn ọ̀dọ́ dá sílẹ̀ ní Zaria ní 1975, ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń múra àwọn tó ń lọ sílẹ̀. Kí ìjọ rán tọkọtaya náà lọ síbẹ̀ ná, kódà bí bàbá bá ti jẹ́ pásítọ̀ fún ogún ọdún.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ghana yẹ kó kọ́ wa lọ́gbọ́n. Àwọn oníṣòwò Yorùbá, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ nínú wọn, ló gbé ìjọ onítẹ̀bọmi lọ sí ọ̀pọ̀ ìlú níbẹ̀. Wọ́n kọ́ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń kọrin Yorùbá, ó sì dùn. Ní oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìjọ mìíràn ṣófo, àga nìkan ló kù níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjọ Nàìjíríà ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí ti rí bákan náà: ará ilé ló ń wàásù fún ará ilé. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àwọn ará ilé náà nílò olùṣọ́ àgùntàn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n pè é ní ohun tó jẹ́, kí wọ́n má fi ránṣẹ́ sílé pé àwọn ń gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún Jésù.

Ìjọ ilé ló sábà ń fa èyí. Wọ́n ń fẹ́ iye ọkàn tó yí padà, wọ́n ń fẹ́ fídíò ìsọjí tí ariwo pọ̀ nínú rẹ̀. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Míṣọ́nnárì tó gbọ́n ní Leeds mọ̀ pé bí òun bá gbé gbohùngbohùn síta láago méjì òru, àwọn káńsù lè wá kó o lọ. Yóò kan ìlẹ̀kùn aládùúgbò, yóò bá arúgbó tó ń dá gbé ra oúnjẹ, yóò lọ sípàdé òbí. Ìròyìn oṣù mẹ́ta rẹ̀ lè má dùn gbọ́ létí. Kí wọ́n ṣáà máa kà á sétí ìjọ.

Anna tún padà sí Ìbàdàn nígbà tó yá, ṣùgbọ́n àwọn Hinderer kò kó ìjọ Ìbàdàn lọ nígbà tí wọ́n padà sílé ní 1869. Daniel Olúbí, tó ti bá wọn gbé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀, ló gba iṣẹ́ náà. Wọ́n fi í jẹ oyè díákónì ní 1871. Ṣùgbọ́n Anna ti kú ní 1870, ọdún kan péré lẹ́yìn tó délé. Kò tíì pé ọdún márùndínláàádọ́ta.

Ìpadàbọ̀ ni ìjọ wa kì í múra sílẹ̀ fún rárá. Wọ́n á lọ pàdé wọn ní pápákọ̀ òfuurufú pẹ̀lú ìlù, Sunday tó tẹ̀ lé e wọ́n ti gbé wọn sórí pẹpẹ kí wọ́n wá jẹ́rìí. Bàbá ń rù, kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó ti rí dókítà. Kí wọ́n gba yàrá méjì fún wọn kí wọ́n tó dé, kí wọ́n san owó ilé náà fún ọdún kan. Kí wọ́n wá ilé-ìwé tí yóò gba ọmọ tí kò mọ WAEC. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹnì kan láti inú ìgbìmọ̀ gbé gbogbo wọn lọ sọ́sípítù ní Ìjẹ̀bú-Òde fún àyẹ̀wò, kí ìjọ sì san án. Ìjẹ́rìí lè dúró di oṣù kẹta.