Gbígbà Kọ́ Ni Ìyọ̀ǹda

Bí fóònù bá níṣòro ní Ọ̀yọ́, Owódé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbé e lọ. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó lè jẹ́ Tàkíẹ́, ó sì lè jẹ́ Under G níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH pọ̀ sí. Gbólóhùn kan wà tí àwọn tó ń tún fóònù ṣe níbẹ̀ kì í yé gbọ́: “Wọ́n ti hack mi.” Akẹ́kọ̀ọ́ ń sọ ọ́, ìyá aláṣọ ń sọ ọ́, bàbá tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà náà ń sọ ọ́.

Àléébù gbólóhùn yìí kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ àyálò wà nínú rẹ̀. Yorùbá ti yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ Lárúbáwá, lọ́wọ́ Haúsá àti lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì tìtorí bẹ́ẹ̀ di èdè yẹpẹrẹ. Àléébù rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ti gbé ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta mì: tàn, fọ́ àti jí. Ẹni tí kò bá mọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ṣẹlẹ̀ sí òun kò lè mọ ohun tó kàn láti ṣe.

Tàn ló wọ́pọ̀ jù. Ìpè á wọlé. Ẹni tó pè á ní òun ló ń ṣètò ìpàdé ìjọ, tàbí ti ẹgbẹ́ tí wọ́n jọ jáde ìwé mẹ́wàá, pé kóòdù kan ń bọ̀ lórí fóònù, kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun kà á. Nọ́ńbà mẹ́fà ni kóòdù náà. WhatsApp ló fi í ránṣẹ́ láti fi mọ̀ bóyá ẹni tó fẹ́ ṣí àkáǹtì lórí fóònù tuntun ni ó ni nọ́ńbà náà lóòótọ́. Bí wọ́n bá ti kà á síta, àkáǹtì ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹbí àti ọ̀rẹ́ á ti máa rí àtẹ̀jíṣẹ́ pé “ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, mà á dá a padà lọ́la.” Ẹnikẹ́ni kò fọ́ nǹkan kan níbí. Wọ́n tan onífóònù ni, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó o fún wọn. Kí fóònù tó dé ni Yorùbá ti ní orúkọ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: jìbìtì, gbájúẹ̀. “Wọ́n lù mí ní jìbìtì, wọ́n gba WhatsApp mi” ni gbólóhùn tó tọ́, òun náà ló sì ń tọ́ka sí àtúnṣe. Àtúnṣe yẹn kò sí lọ́wọ́ oníṣẹ́ fóònù. Ó wà nínú kí a má ka kóòdù fún ẹnikẹ́ni, kódà kó jẹ́ pásítọ̀ tàbí àǹtí ẹni ló pè, àti kí a lọ sínú ètò WhatsApp láti ṣí ìdáàbòbò onípele méjì, èyí tí yóò máa béèrè píìnì tí onífóònù fúnra rẹ̀ yàn.

Fọ́ yàtọ̀ pátápátá. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, WhatsApp kéde pé àwọn kan ti gba ihò kan nínú ètò rẹ̀ wọ inú fóònù àwọn ènìyàn. Nígbà tó pe ẹjọ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, ó ní fóònù tí wọ́n wọ̀ tó nǹkan bí 1,400, àti pé ilé iṣẹ́ NSO ti orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì tó ṣe ètò amí Pegasus ló wà nídìí rẹ̀. Ìpè lásán ni wọ́n fi wọlé. Ẹni tí wọ́n pè kò tilẹ̀ ní láti gbé e. Àwọn akọ̀ròyìn àti ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn wà lára àwọn tó fara gbá a. Wọn kò ka kóòdù fún ẹnikẹ́ni, wọn kò tẹ ohunkóhun, síbẹ̀ wọ́n fọ́ wọn nílé. Ohun tó ń gba ènìyàn lọ́wọ́ èyí ni àmúdójúìwọ̀n. Bí fóònù bá ń sọ pé kí a mú ètò orí rẹ̀ dójú ìwọ̀n, tí a sì ń sún un síwájú nítorí dátà, ihò tí ilé iṣẹ́ ti rí tó sì fẹ́ dí ni a ń fi sílẹ̀ gbayawu.

Jí kò nílò àlàyé gígùn: fóònù fúnra rẹ̀ ni kò sí mọ́. Ẹni tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí ní páàkì gbọ́dọ̀ sáré ní kí wọ́n ti síìmù àti àkáǹtì bánkì rẹ̀ pa, nítorí ẹni tó bá mú síìmù lọ́wọ́ lè máa gba kóòdù bánkì.

Ṣùgbọ́n gbà ni ọ̀rọ̀ tó tọ́ kí olùkọ́ èdè jókòó tì. Gírámà rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ mú kúrò lọ́nà. Ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan tó ní ohùn ìsàlẹ̀ máa ń di olóhùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀. “Ó gbà á” la ń kọ, “ó gbà” la ń kọ, ṣùgbọ́n “ó gba owó”, “ó gba kóòdù”. “Ó gbà owó” kò tọ̀nà, bó ti wù kó wọ́pọ̀ tó nínú àtẹ̀jíṣẹ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ni, ó sì ru ìtumọ̀ méjì: kí nǹkan bọ́ sí ni lọ́wọ́, àti kí ènìyàn fara mọ́ ohun tí wọ́n sọ.

Bí wọ́n bá ní kí ọmọ Yorùbá túmọ̀ bọ́tìnì tó máa ń wà lábẹ́ àdéhùn ètò orí fóònù, “Mo gbà” ni yóò kọ́kọ́ wá sẹ́nu rẹ̀. Kí ni ẹni tó tẹ̀ ẹ́ gbà? Kò sí nǹkan tó bọ́ sí i lọ́wọ́. Òun gan-an ló fún wọn: orúkọ àwọn tó mọ̀, ibi tó wà, ohun tó ń rà. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu ni yọ̀ǹda. Ẹni tó yọ̀ǹda nǹkan ti mọ̀ pé tòun ni, ó sì fi tinútinú jọ̀wọ́ rẹ̀. Èdè kò gbà kí a sọ pé wọ́n fipá mú ẹnìkan yọ̀ǹda. Bí ipá bá ti wọ̀ ọ́, orúkọ mìíràn ni yóò máa jẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé ilé ẹjọ́ ní Nàìjíríà. Ní 2021, WhatsApp gbé ìlànà tuntun jáde, ó sì ní kí àwọn tó ń lò ó fara mọ́ ọn. Àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní oṣù Karùn-ún ọdún náà. Ní oṣù Keje ọdún 2024, ó bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là lé Meta, tó ni WhatsApp. Lára ẹ̀sùn tó kà sí i lọ́rùn ni pé kò fún ọmọ Nàìjíríà láyè láti pinnu ohun tí wọn yóò fi dátà wọn ṣe, àti pé ọwọ́ tó fi mú wọn yàtọ̀ sí èyí tó fi mú àwọn ará ibòmíràn. Meta pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ní ìtanràn náà dúró. “Mo gbà” tí àwọn ènìyàn tẹ̀ kò tó ìyọ̀ǹda.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣàlàyé èyí fún ìyá àgbà ní ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ kò ní láti wá ọ̀rọ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Àlejò tó dé ẹnu ọ̀nà agbo ilé á kágò, kò sì ní wọlé títí onílé yóò fi dáhùn pé “àgò yà.” Ètò tó ń béèrè láti wo àwòrán tàbí láti ka orúkọ inú fóònù ń kágò ni, onífóònù sì ní ẹ̀tọ́ láti má dáhùn. Àwọn ètò tó ń yá ènìyàn lówó lórí fóònù ló fi èyí han ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà lọ́nà tó burú. Bí gbèsè bá pẹ́ díẹ̀, wọ́n á máa kọ̀wé sí àwọn tó wà nínú fóònù ajigbèsè, títí kan àna àti ọ̀gá ibi iṣẹ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, àjọ NITDA, tó ń mójú tó ìmọ̀ ẹ̀rọ, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lé ilé iṣẹ́ Soko Lending lórí irú ìwà bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí onífóònù gbé ètò náà sórí fóònù rẹ̀ ni ètò náà ti kágò, “àgò yà” tó dá a lóhùn láì wo ojú àlejò ló di wàhálà.

Páásíwọ́ọ̀dù kò tíì ní orúkọ kan ṣoṣo. Àwọn kan ń pè é ní ọ̀rọ̀ ìpamọ́, àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ aṣínà, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń ṣí ọ̀nà. Aṣínà dùn létí, àmọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi àmì sí ohun tí wọ́n bá tẹ̀ lórí fóònù. Bí àmì bá ti kúrò lórí rẹ̀, òǹkàwé lè pè é ní aṣìnà, ẹni tó sọnù sójú ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ ìpamọ́ ló yẹ kí a dì mú, nítorí ó sọ iṣẹ́ ẹni tó ni ín: kí ó pa á mọ́. Ẹni tó ń pariwo píìnì rẹ̀ fún oní-POS láàárín èrò kò ní ọ̀rọ̀ ìpamọ́ kankan mọ́.

Ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹ̀wẹ̀, oríkì kò lè ṣe iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ìpamọ́. Àjọkẹ́, Àkànní, Àyìnlá: ẹnikẹ́ni tó bá ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé kọjá láàárọ̀ á gbọ́ ọ. Àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè kan sì fẹ́ràn láti máa bi oníbàárà ní orúkọ ìdílé tí ìyá rẹ̀ ń jẹ́ kí ó tó lọ sílé ọkọ, kí wọ́n lè fi mọ̀ ọ́n. Níbi tí ìyàwó ti ń sun ẹkún ìyàwó, tó ń ki ìran bàbá rẹ̀ ní gbangba bó ṣe ń kúrò nílé, tí wọ́n á sì tún máa fi oríkì náà kí ọmọ tó bá bí, gbogbo àdúgbò ló mọ ìdáhùn. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bá ara wọn tan, tí ẹnìkan ṣà jọ láti inú ọkàn ara rẹ̀, sàn jù. Kí ó sì má fi àmì sí wọn: ẹ̀rọ kan lè kọ ẹ́ pẹ̀lú àmì abẹ́ lẹ́tà ṣáájú ti orí rẹ̀, òmíràn lè kọ ti orí ṣáájú. Ojú kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀, ṣùgbọ́n lójú kọ̀ǹpútà lẹ́tà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, a lè tìlẹ̀kùn mọ́ onílé síta.

Àṣírí náà ń fẹ́ ìṣọ́ra. Òun ni a sábà máa ń lò bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìdáàbòbò dátà. Nínú àdúrà, “Ọlọ́run á bo àṣírí wa” túmọ̀ sí pé àìní wa kò ní hàn síta. Ohun tó lè dójú ti ènìyàn ni àṣírí, ìdí nìyẹn tí àwọn mìíràn fi ń dáhùn pé “èmi ò ní àṣírí kankan, kí wọ́n máa wò ó.” Abala kẹtàdínlógójì nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 kò mẹ́nu ba ìtìjú. Ó ní ilé ọmọ orílẹ̀-èdè, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí tẹlifóònù, tirẹ̀ ni. Òfin ìdáàbòbò dátà tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 náà dá lórí ohun tó jẹ́ ti ẹni. “Ọ̀rọ̀ ara ẹni” ni kí oníròyìn máa lò. Kò fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni.

Àwọn oníròyìn náà ló ni gbólóhùn tó kàn. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 2021, ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí Twitter pa ọ̀rọ̀ Ààrẹ Buhari kan rẹ́, ìjọba àpapọ̀ kéde láti ẹnu mínísítà Lai Mohammed pé òun dá iṣẹ́ Twitter dúró ní Nàìjíríà. Àwọn ilé iṣẹ́ fóònù ti ọ̀nà rẹ̀ pa, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2022. “Ìjọba fòfin de Twitter” ló gba ẹnu kan. Gírámà rẹ̀ pé: dè di de níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ, bí gbà ti ń di gba. Ṣùgbọ́n ẹni tó fòfin de nǹkan, òfin ló fi so ó. Òfin wo? Ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ SERAP àti àwọn mìíràn gbé ìjọba lọ sí ilé ẹjọ́ ECOWAS, ní ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 2022 ilé ẹjọ́ náà sì dájọ́ pé ìgbésẹ̀ ọ̀hún kò bófin mu, kí Nàìjíríà má ṣe dán irú rẹ̀ wò mọ́. Àwọn tó kọ “fòfin de” ti fún ìjọba ní òfin tí kò ní. Gbẹ́sẹ̀ lé ló tọ́, ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà ń lò bí alágbára bá gun orí ilẹ̀ onílẹ̀.

Nípa ọ̀rọ̀ tí WhatsApp ti ń dì láti 2016 kí ẹlòmíràn má lè kà á, àwọn kan fẹ́ pè é ní àrokò. Àrokò kò dára tó: owó ẹyọ mẹ́fà tí wọ́n fi ránṣẹ́, ẹni tó bá mọ àṣà lè rí i kó sì mọ̀ pé ẹnìkan fà sí ẹnìkejì. Ẹnà ló sún mọ́ ọn, èyí tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ àpilẹ̀kọ lé lórí ní 1982. Ẹni tó bá sọ “mogo fẹ́gẹ́ lọgọ” ń bá ẹni tó mọ ìlànà náà sọ̀rọ̀, àlejò á gbọ́ ariwo lásán. Àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ Paradigm Initiative náà ti fi hàn pé ọ̀rọ̀ ilé lè ṣe iṣẹ́ yìí: Ayẹta ni wọ́n sọ irinṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún ààbò àwọn akọ̀ròyìn lórí ayélujára.

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní 1984, ọdún 17 kí fóònù GSM tó dé Nàìjíríà. Èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ló dá lé. Irú rẹ̀ kò tíì sí lọ́wọ́ oníṣẹ́ fóònù. Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà wà ní LAUTECH, àwọn olùkọ́ Yorùbá wà ní Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Emmanuel Alayande ní Ọ̀yọ́, àárín ìlú méjèèjì kò sì ju nǹkan bí àádọ́ta kìlómítà lọ. Kí wọ́n jókòó pọ̀, kí wọ́n tẹ ìwé kékeré kan tí ẹni tó lè ka Yorùbá yóò lè lò, kí wọ́n sì pe àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní Owódé àti Under G sí ìjókòó náà, nítorí àwọn ni wọ́n ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lójoojúmọ́.