OHUN TÍ Ó FARA SIN NÍNÚ Ẹ̀JẸ̀

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó dá ẹ̀dá ní akọ àti abo kí ìran má baà parẹ́. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, nínú hádíìsì tí Abu Huraira gbà wá, tí Bukhari àti Muslim sì kó sínú ìwé wọn, Lárúbáwá ará oko kan tọ Ànábì wá. Ìyàwó rẹ̀ bí ọmọ dúdú, ọkàn rẹ̀ kò sì balẹ̀ sí ọmọ náà. Ànábì bi í nípa àwọn ràkúnmí rẹ̀. Ó ní pupa ni wọ́n, ṣùgbọ́n aláwọ̀ eérú wà láàrin wọn. Níbo ni ìyẹn ti wá? Ọkùnrin náà fẹnu ara rẹ̀ sọ pé bóyá ìran àtẹ̀yìnwá ni ó fà á. Ànábì ní bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọmọ rẹ̀ rí, kò sì yọ̀ǹda fún un láti kọ ọmọ náà.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé àbùdá lè fara sin fún ìran kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó yọjú. Okùn tín-ín-rín 23 tí ó ru àbùdá ni ọmọ ń gbà lára bàbá, ó ń gba 23 lára ìyá. Báyìí ni ìran fi ń bá a lọ.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Ara ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS le, kò sì mọ ohun tí òun ń gbé kiri. Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìpín kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ yóò jẹ́ SS. Bí àkọ́bí bá jẹ́ SS, ìyẹn kò ní kí àwọn àbúrò rẹ̀ bọ́.

Nígbà tí ìrora bá dé, àwọn ẹbí a ní abíkú ni, wọn a ní ìyá ọmọ ni àjẹ́. Bẹ́ẹ̀, bàbá àti ìyá ni wọ́n jọ fún ọmọ ní ẹ̀jẹ̀ náà! Ẹ jẹ́ kí á páyà Ọlọ́hun. Bíba orúkọ aláìṣẹ̀ jẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó dá ọjọ́ yìgì, ẹ jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ méjèèjì ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Èyí kò tako kádàrá: ẹni tí ó so ràkúnmí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kò ṣàì gbára lé Ọlọ́hun. Ẹni tí ó sì ti bí ọmọ SS, kí ó mọ̀ pé àmánà ni. Kí ó tọ́jú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, kí ó sì fẹ́ràn rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun bùkún àwọn àrọ́mọdọ́mọ wa. Àmín.