Ọpọ́n Ayò Nínú Kọ̀ǹpútà: Ìmọ̀ràn Fún Ẹ̀yin Ọmọ Tó Ń Kọ́ Python

Nídìí iṣẹ́ rédíò ni mo wà ní Ògùnpa, n'Ìbàdàn, kí kọ̀ǹpútà tó wá bá mi nínú ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló kọ́ mi ní Python, ojú ò sì tì mí láti sọ ọ́. Ní báyìí, ẹ̀yin ọmọ ń wá bá mi pé ẹ fẹ́ kọ gémù, àmọ́ lísìtì inú lísìtì ò yé yín. Ẹ jókòó.

1. Ẹ gbé ọpọ́n ayò gidi kalẹ̀ kí ẹ tó tan ẹ̀rọ. Ìlà méjì, ilé mẹ́fà-mẹ́fà, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan: 48 lápapọ̀. Lójú kọ̀ǹpútà, lísìtì kan ni gbogbo ẹ̀. Nǹkan méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì tún jẹ́ lísìtì tó ní nọ́ńbà mẹ́fà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. (Ọpọ́n tí bàbá mi fi kọ́ mi ò sí mọ́. Omíyalé Ògùnpa gbé e lọ lọ́jọ́ Àìkú, 31 oṣù Kẹjọ, 1980, pẹ̀lú ohun tó jù ú lọ. Mo ra èyí tí mò ń lò báyìí ni.)

2. Ìlà la máa ń kọ́kọ́ pè, kí á tó pe ilé. Ẹni tó ń júwe ọ̀nà n'Ìbàdàn, ṣé agboolé ló máa pè kó tó pe àdúgbò Bẹẹrẹ? `opon[1][2]`: ìlà 1, ilé 2. Òdo ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ilé kẹta ni 2 yẹn. Ẹ jẹ́ kí ìlà 0 jẹ́ ti ẹni tó jókòó kọjú sí yín, kí ìlà 1 jẹ́ tiyín.

3. Ibí yìí ni mo ti kọsẹ̀. Kánkán ń ṣe mí, mo kọ:

`opon = [[4] * 6] * 2`

Ìlà méjì jáde, mẹ́rin-mẹ́rin nínú gbogbo ilé. Inú mi dùn. Mo kó ilé 2 ní ìlà tèmi, mo ń jù ú sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: mẹ́ta lọ́dọ̀ mi, ìkẹrin sínú ilé tó kángun sọ́tùn-ún lọ́dọ̀ ẹni kejì. Ohun tí mo rí nìyí:

`4 4 0 5 5 6`
`4 4 0 5 5 6`

Ilé tí mo kó lọ́dọ̀ mi ṣófo lọ́dọ̀ ẹni kejì náà! Mo ka ọmọ ayò, ó pé 48 géérégé. Ìyẹn gan-an ló dà mí lórí rú, torí mo ti fọkàn sí i pé bí iye bá ti pé, kò séwu. Ọjọ́ méjì ni mo fi ń wá a kiri. Àṣé nígbà tí mo ní kí Python sọ ìlà di méjì, kò gbẹ́ ìlà kejì rárá. Orúkọ kejì ló fún ti àkọ́kọ́. Ọmọ ayò 24 péré ló wà níbẹ̀, ó kàn ń fi wọ́n hàn mí lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà tí mo jẹ ọmọ méjì ni àṣírí tú: mẹ́rin ló dín lójú ọpọ́n.

Ẹ kọ ọ́ báyìí, kí ìlà kọ̀ọ̀kan lè dá dúró:

`opon = [[4] * 6 for i in range(2)]`

`[4] * 6` ò léwu ní tiẹ̀. Nọ́ńbà ni 4. Tẹ́ ẹ bá fi 5 rọ́pò rẹ̀ nínú ilé kan, kò kan ilé kejì.

4. Ọmọ ayò máa ń rìn lọ sápá ọ̀tún ní ìlà tiyín. Tó bá dé ìpẹ̀kun, á yà sí ìlà ẹni kejì, á wá máa padà bọ̀ sápá òsì. Nítorí náà, ẹ fi 1 kún nọ́ńbà ilé ní ìlà 1, ẹ yọ 1 kúrò nínú rẹ̀ ní ìlà 0. Igun méjèèjì ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Ní ọ̀tún, ilé 6 ò sí, kọ̀ǹpútà á figbe ta: `IndexError`. Èmi fẹ́ràn àṣìṣe tó bá ń pariwo. Ti òsì ló burú: 0 yọ 1 á di -1, Python ò sì ní wí nǹkan kan, torí ilé tó kẹ́yìn nínú ìlà ló ń pè ní -1. Ọmọ ayò yín á fò láti òsì bọ́ sọ́tùn-ún, ẹ ò sì ní mọ̀.

5. Jíjẹ ò le. Bí ọmọ tó kẹ́yìn bá sọ ilé ẹni kejì di méjì tàbí mẹ́ta, ẹ jẹ ẹ́, kẹ́ ẹ sì yẹ ilé tó ṣáájú rẹ̀ wò. Bí ọmọ tẹ́ ẹ kó bá tó 12, ẹ fo ilé tẹ́ ẹ ti kó o nígbà tẹ́ ẹ bá ń jù wọ́n sílẹ̀.

6. Ẹ má dá nìkan dán an wò. Mo gbé tèmi fún baba kan tó máa ń ta ayò níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ọ̀ta gidi, tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí. Ilé tó ṣófo ló kọ́kọ́ tẹ̀. Gémù mi gbà á láìjanpata, ó gbé eré fún ẹni kejì. Baba wò mí lókè délẹ̀: "Ṣé ọ̀pẹ tí ò mọ ayò ta lo kó sínú ẹ̀ ni?" Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ìlà tó ń kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá nǹkan wà nínú ilé.