Èsì Ìdìbò Tí Gbogbo Ará Ìlú Lè Yẹ̀ Wò

Ìdìbò kò parí nígbà tí òǹdìbò bá ti ju ìwé rẹ̀ sínú àpótí. Kíkà ìbò, kíkọ èsì sílẹ̀ àti fífi í han ará ìlú jẹ́ ara iṣẹ́ náà. Níbi tí èsì kò bá ti ṣeé yẹ̀ wò, àhesọ ni í gba ipò òtítọ́, àhesọ a sì máa dá ìjà sílẹ̀.

Ohun Tí Ó Ṣẹlẹ̀ Ní Indonesia

Ní ọjọ́ 9 oṣù Keje ọdún 2014, àwọn ará Indonesia dìbò yan ààrẹ. Ní ọjọ́ náà gan-an, Joko Widodo sọ pé òun ni òun wọlé, Prabowo Subianto náà sì sọ pé òun ni. Ọkàn àwọn ènìyàn kò balẹ̀. Àjọ elétò ìdìbò ilẹ̀ náà gbé àwòrán ìwé èsì àwọn ibùdó ìdìbò sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ibùdó náà sì ju 470,000 lọ. Ohun ìyìn ni èyí, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni a fi kọ àwọn iye náà. Àwòrán kò ṣeé rò pọ̀, kò sì sí ẹnì kan tí ó lè dá ka gbogbo rẹ̀.

Ainun Najib, ọmọ Indonesia tí ó jẹ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Singapore, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Kawal Pemilu, ìyẹn ni pé kí á ṣọ́ ìdìbò. Nǹkan bí 700 ènìyàn yọ̀ǹda ara wọn láìgba owó. Wọ́n ń ṣí àwòrán kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń tẹ iye tí wọ́n rí sínú kọ̀ǹpútà, tí ẹnikẹ́ni fi lè rí àròpọ̀ rẹ̀. Nígbà tí àjọ náà kéde ní ọjọ́ 22 pé Widodo ní ìdá 53.15 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò, àròpọ̀ tiwọn súnmọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Prabowo pe ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ sì da ẹjọ́ náà nù ní oṣù Kẹjọ.

Ẹ̀kọ́ Fún Nàìjíríà

Láti ọdún 2020 ni INEC ti ń fi àwòrán ìwé èsì EC8A hàn lórí IReV. Ibùdó ìdìbò 176,846 ni ó wà fún ìdìbò ọdún 2023. Àwòrán èsì ìdìbò ààrẹ pẹ́ kí ó tó jáde lọ́dún náà, àhesọ sì gbilẹ̀. Ọmọ orílẹ̀-èdè tí ó bá fẹ́ sọ irú àwòrán bẹ́ẹ̀ di àkọsílẹ̀ tí ó wúlò gbọ́dọ̀ pa àwọn ìlànà wọ̀nyí mọ́:

1. Ohun tí ó wà nínú ìwé nìkan ni kí ó kọ. Bí iye kan kò bá hàn, kí ó kọ pé kò ṣeé kà; kò gbọ́dọ̀ méfò.

2. Kí ẹni méjì ka ìwé kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí iye wọn kò bá dọ́gba, kí ẹnì kẹta yẹ̀ ẹ́ wò.

3. Bí àpapọ̀ ìbò bá ju iye àwọn tí a yẹ káàdì wọn wò ní ibùdó lọ, kí ó sàmì sí i, kí ó má ṣe tún un ṣe.

4. Kí ó kọ nọ́ńbà ibùdó sí ẹ̀gbẹ́ iye kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì lè padà sí àwòrán.

5. Kí ó lo òṣùwọ̀n kan náà fún gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú, títí kan ẹgbẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ dìbò fún.

Irú àkọsílẹ̀ yìí kì í ṣe ìkéde. INEC ni òfin fún ní agbára láti kéde ẹni tí ó wọlé, ilé ẹjọ́ ni ó sì ń parí àríyànjiyàn. Ẹ̀rí ni iṣẹ́ àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni, kì í ṣe ìdájọ́. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ojú púpọ̀ tí ó ń wo ìwé kan náà ni kì í jẹ́ kí irọ́ ríbi sá sí.

Ìbéèrè

1. Kí ni ìdí tí àwòrán ìwé èsì nìkan kò fi tó?

2. Kí ni ewu tí ó wà nínú títún iye tí ó dà bí àṣìṣe ṣe?