Ohun tí Omi Ń Ṣe sí Ìlù Ọkàn Ẹni tí Ń Mòòkùn

Àwọn àgbà ní òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Bí ọ̀dọ́kùnrin tó mọ odò wẹ̀ bá kú sómi jẹ́ẹ́, tí kò jà, tí kò pariwo, àwọn ènìyàn a máa wá ẹni tó ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn tí ń kó iyanrìn nísàlẹ̀ ọ̀sà Èkó, ó sì kan àwọn tí ń gbé àgbá afẹ́fẹ́ kọ́ ẹ̀yìn wọ inú òkun.

Bí àgbàlagbà bá jókòó jẹ́ẹ́, ọkàn rẹ̀ a máa lù ní ìgbà 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan. Ohun mẹ́ta ni omi ń ṣe sí ìlù yìí.

Èkíní, omi wúwo. Afẹ́fẹ́ pàápàá ń tẹ̀ wá lórí ilẹ̀, bí a kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Bí a bá lọ sísàlẹ̀ omi ní mítà 10, ìtẹ̀ náà di ìlọ́po méjì. Ní mítà 30, ó di ìlọ́po mẹ́rin. Kódà bí omi bá ti mù wá dé ọrùn, ó ti ń ti ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ àti ti ikùn gòkè sí àyà. Ó lè tó 700 mílílítà, èyí tó ju ìgò bíà ńlá kan lọ. Ọkàn yóò fẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ yóò sì pọ̀ sí i. Èyí tí kò lera lè ṣi ìlù lù.

Èkejì, bí ojú bá kan omi tútù, tí a sì pa èémí mọ́, ọpọlọ yóò pàṣẹ fún ọkàn pé kó rọra. Èyí kì í ṣe àìsàn. Bẹ́ẹ̀ ni Ẹlẹ́dàá dá wa, kí afẹ́fẹ́ inú ara má bàa tètè tán.

Ẹ̀kẹta, òtútù, ẹ̀rù àti làálàá ń pàṣẹ fún ọkàn kan náà pé kó sáré. Ìránṣẹ́ tí ọ̀gá méjì ń rán níṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, orí rẹ̀ á dàrú. Omi ọ̀sà wa kò tutù tó ti ilẹ̀ òyìnbó, ṣùgbọ́n pípa èémí mọ́ àti iṣẹ́ agbára kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ níbẹ̀.

Ta ló yẹ kó rí dókítà kó tó mòòkùn? Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tí àyà rẹ̀ máa ń já láìnídìí. Ẹni tó ti dákú rí níbi eré sísá tàbí lílúwẹ̀ẹ́. Àti ẹni tó ti lé ní 45 ọdún. Àìsàn ìlù ọkàn kan sì wà tí ń bá ìdílé rìn, tí lílúwẹ̀ẹ́ lè ru ú sókè. Nítorí náà, bí òmùwẹ̀ kan bá ti kú lójijì sómi nínú ẹbí yín, ẹ má fi mọ sí ẹkún nìkan; ẹ sọ ọ́ fún dókítà. Ẹ̀rọ kan ń bẹ tí ń ya ìlù ọkàn sórí ìwé. Kì í dunni rárá.

Ẹ má ṣe mòòkùn ní ẹyọ ẹnìkan. Ẹ má mu ọtí kí ẹ tó wọ omi. Bí àyà bá ń lù ségesège, ẹ ṣe àmì sí ẹnìkejì yín, kí ẹ sì rọra gòkè. Ẹni tó gbé àgbá kò gbọdọ̀ pa èémí mọ́ bó ti ń gòkè, kí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ má bàa ya.

Ìlera loògùn ọrọ̀.